Ìrètí wo ló wà nínú ẹranko, àrùn àti iná?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Bàbá. Ọmọ ọdún 27 ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù ìgbà ìkẹyìn, ẹ̀rù rẹ̀ kò sì kúrò lára mi títí di òní. Bí mo bá wọlé tí n kò bá ẹnikẹ́ni, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé Ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ pé ogun bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, oorun ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n má wulẹ̀ dààmú lórí ìwé kíkà tàbí ìgbéyàwó mọ́, pé àsìkò ti lọ. Síbẹ̀ mo rí i nínú Bíbélì pé 'ìrètí tí ó ní ìbùkún' ni wọ́n pe ìfarahàn Olúwa. Ìrètí wo ló wà nínú ẹranko, àrùn àti iná? Àbí ìgbàgbọ́ mi ni kò tó?"

Ọmọ mi, gbólóhùn tí o fi parí lẹ́tà ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló wúwo jù. Rárá, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹni tí kò gbàgbọ́ kò ní máa yọjú láti yàrá dé yàrá wò bóyá àwọn ará ilé ti gòkè lọ. Ó ti ṣe èmi náà rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, rédíò ń sọ̀rọ̀, ìkòkò ń hó lórí iná, kò sì sí ẹ̀dá alààyè kan nínú ilé. Mo pe ìyá mi títí, ohùn há mi lọ́fun. N kò sunkún o, ìṣirò ni mo ń ṣe. Ìyá àgbà kan wà ládùúgbò tó jẹ́ pé àdúrà ni tirẹ̀ tọ̀sán tòru. Mo ní bí mo bá lè bá ìyẹn nílé, a jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó lọ. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé wọn, mo bá a níbi tó ti ń sá aṣọ, tó ń ráhùn pé òjò fẹ́ bọ́ lu òun. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ilé kejì ni ìyá mi yà sí, kò tilẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kí n bi ara mi lọ́jọ́ náà, tó jẹ́ pé ó lé ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó bi í: wọ́n ní Ẹni tó fẹ́ràn mi jù láyé ń bọ̀, kí ló dé tó jẹ́ jìnnìjìnnì ni ìròyìn náà ń dà bò mí?

Ohun tí ìwọ náà ń bi mí nìyẹn, bí mo ṣe gbọ́ ọ yé. Pé Jésù ń bọ̀, ìyẹn kò rú ọ lójú. Ohun tó rú ọ lójú ni bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe jẹ́ ìrètí lẹ́nu Pọ́ọ̀lù tó sì di àlá burúkú létí rẹ. Èrò tèmi ni pé lẹ́tà tí wọ́n kọ láti fi tu ẹlẹ́rù nínú ni wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ bí ìwé ìfilọ̀ ìjàǹbá. Wọ́n sì ti kà á sí ọ létí bẹ́ẹ̀ kí o tó mọ ìwé kà.

Wo Tẹsalóníkà kìíní orí kẹrin, ibi tí ọ̀rọ̀ Ìgbàsókè ti wá. Nǹkan bí ọdún 50 lẹ́yìn ìbí Kristi ni Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí ìjọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Àwọn kan ti kú láàárín wọn, ọkàn àwọn tó kù sì dàrú: ṣé èèyàn wa ti pàdánù nìyẹn, nígbà tó jẹ́ pé Olúwa kò tíì dé kí wọ́n tó sùn? Ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀ ni. Pọ́ọ̀lù dá wọn lóhùn pé àwọn òkú nínú Kristi ni yóò kọ́kọ́ jíǹde, pé lẹ́yìn náà ni a ó gba àwa tí a wà láàyè sókè pẹ̀lú wọn láti pàdé Olúwa, a ó sì jọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí láé. Gbólóhùn tó fi dé e ni pé, "Ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tu ara yín nínú." Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí orí kẹrin yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ, mélòó nínú wọn ló dé ẹsẹ 18? Ẹsẹ 17 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń já sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí á bojú wo ẹ̀gbẹ́ wa bóyá aládùúgbò wa ti pòórá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan sì tún wà níbẹ̀ tó máa ń dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí wọ́n tú sí "pàdé" yẹn ni wọ́n máa ń lò nígbà tí àwọn ará ìlú bá jáde lọ pàdé ọba tàbí àlejò ńlá lẹ́yìn odi láti sìn ín wọlé. Òun ni wọ́n lò fún àwọn wúńdíá tó jáde lọ pàdé ọkọ ìyàwó nínú Mátíù 25. Òun náà ni wọ́n lò nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 28, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ Róòmù rin ọ̀nà jíjìn jáde wá pàdé Pọ́ọ̀lù. Wọn kò bá Pọ́ọ̀lù padà síbi tó ti ń bọ̀. Wọ́n sìn ín wọ Róòmù ni. Ẹni tó lọ pàdé àlejò kì í bá àlejò sá lọ. Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan kò tó láti fi parí àríyànjiyàn, mo gbà, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí o rí i pé ìdùnnú ìlú tó ń retí ẹni rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ní lọ́kàn.

Ètò tí wọ́n kọ́ ọ ńkọ́, pé Ìgbàsókè á kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ìpọ́njú ọdún méje á tẹ̀ lé e, kí Olúwa tó wá fara hàn? Ètò yẹn kò dàgbà tó bí o ṣe rò. Láàárín ọdún 1830 sí 1840 ni oníwàásù kan tó ń jẹ́ John Nelson Darby bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án kálẹ̀, Bíbélì tí Scofield fi àlàyé sí létí, tó jáde ní 1909, ló sì gbé e dé ọ̀pọ̀ ilé. Àwọn olóòótọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún gbà á gbọ́, wọ́n sì ní ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n dì mú. Àwọn olóòótọ́ mìíràn kò gbà á. Ẹgbẹ̀rún ọdún ìjọba Kristi inú Ìfihàn 20 náà rí bẹ́ẹ̀: àwọn kan ní ọdún gidi ni, àwọn kan tọ ipa ọ̀nà Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́, tó ní àkókò ìjọ tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni. Mo ní ibi tí ọkàn mi fà sí, ṣùgbọ́n n kò ní tà á fún ọ bí ẹni ta ìgbàlà. Ohun tí gbogbo ìjọ láti ayébáyé fẹnu kò lé lórí kò pọ̀: yóò padà wá, àwọn òkú yóò jí, yóò ṣe ìdájọ́, ìjọba rẹ̀ kì yóò lópin.

Ìwé Ìfihàn fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jókòó tì díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ti sọ tẹnu rẹ̀: Ìfihàn ni, àwọn kan ń pè é ní Ìṣípayá. Ohun tí aṣọ bò ni wọ́n ṣí kí o lè rí i. Lẹ́tà sì ni, ó ní àdírẹ́sì: ìjọ méje, láti Éfésù dé Laodíkíà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Jòhánù tó kọ ọ́ wà ní ìgbèkùn ní erékùṣù Pátímọ́sì. Ìjọba Róòmù ló wà lórí wọn nígbà náà, tí olú ọba ń gba ìjọsìn bí ọlọ́run. Wọ́n ti pa Áńtípà ní Págámù. Àwọn ará Símínà tálákà, ẹ̀wọ̀n sì ń dúró dè wọ́n. Ṣé irú èèyàn báyìí nílò kí ẹnì kan tún wá dẹ́rù bà wọ́n? Wọ́n ti mọ ẹranko náà. Àbẹ́ èékánná rẹ̀ ni wọ́n wà. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ẹni tó ni ìtẹ́ tó ga ju ti ẹranko lọ, orí kẹrin àti ìkarùn-ún sì ni Jòhánù ti fi ìyẹn hàn wọ́n kí èdìdì kankan tó ṣí, kí kàkàkí kankan tó dún. Nínú orí karùn-ún, Jòhánù ń sunkún torí kò sẹ́ni tó yẹ láti ṣí ìwé náà. Àgbà kan ní kó má sunkún mọ́, Kìnnìún ẹ̀yà Júdà ti borí. Jòhánù wá bojú wò, kìnnìún kọ́ ló rí. Ọ̀dọ́ Àgùntàn ló rí, ó dúró, ó dà bí èyí tí wọ́n ti pa. Láti ibẹ̀ títí ìwé fi parí, a kò tún gbúròó Kìnnìún Júdà mọ́. Ìgbà 28 ni ìwé náà pe Jésù ní Ọ̀dọ́ Àgùntàn. Ọwọ́ tó ń tú èdìdì ìwé náà, ọwọ́ tó ní àpá ni. Èmi ò mọ ohun tó tún lè mú kí n ka orí kẹfà láìwárìrì bí kò ṣe pé mo kọ́kọ́ ka orí karùn-ún.

Ní ti 666, nọ́ńbà orúkọ ẹranko náà nínú Ìfihàn 13, má jẹ́ kí ó gba oorun lójú rẹ. Ní ọ̀rúndún kejì, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Irenaeus ti ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń méfò ẹni tó ni orúkọ náà, ó sì sọ pé ẹ̀dà ìwé Ìfihàn kan tilẹ̀ wà tó kọ 616. Lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀; bí o bá fi wọ́n kọ Késárì Nérò, olú ọba Róòmù, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 666. Yọ lẹ́tà kan kúrò, ó di 616. Lójú ayé mi, wọ́n ti ní ìlà dúdú ara ọjà ni, wọ́n ní káàdì báńkì ni, wọ́n ní fóònù ni, wọ́n ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Bí mo bá gba gbogbo wọn gbọ́ ni, n kì bá tí lè ra ọṣẹ ìfọṣọ. Aṣòdìsí Kristi tí wọ́n sì máa ń wá kiri inú Ìfihàn, ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé náà rárá. Inú lẹ́tà kìíní àti ìkejì Jòhánù nìkan ló wà, Jòhánù sì ní púpọ̀ wọn ti dé nígbà ayé òun.

Ọ̀rọ̀ ogun tó ń gba oorun rẹ wà nínú Mátíù 24. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń fi ilé tẹ́ńpìlì han Jésù, ó ní òkúta kan kò ní kù lórí èkejì. Ó sì rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún 70, nígbà tí ọmọ ogun Róòmù lábẹ́ Títù sun tẹ́ńpìlì náà. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló ti sọ pé wọn yóò gbọ́ ìró ogun, kí wọ́n má ṣe jáyà, òpin kò tíì dé. Tún ẹsẹ 6 kà fúnra rẹ. Ohun tó ní kí a má ṣe bí a bá gbọ́ ìró ogun, òun gan-an ni wọ́n kọ́ ọ pé kí o máa ṣe. Lẹ́yìn èyí ló pe gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, igbe ẹni tó ń kú lọ àti igbe ẹni tó ń rọbí lè jọra létí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀ kò ní gbọ́ ọ bákan náà. Ìrora náà kò dín kù o. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ń dá ọjọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Michael Stifel, oníwàásù ará Jámánì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Martin Luther, ṣírò pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1533 ni ayé ó parí. Luther bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Aago mẹ́jọ lù, aago mẹ́sàn-án lù, kò sí nǹkan kan. Wọ́n mú un, wọ́n sì gba ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òpè kọ́ ni Stifel. Ìwé ìṣirò tó tẹ̀ jáde ní 1544 ṣì níyì lọ́wọ́ àwọn onímọ̀. Ìṣirò tí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ William Miller bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dé ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1844. Àwọn kan fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkórè, ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá wọn nílé. Harold Camping, oníwàásù orí rédíò ní Amẹ́ríkà, mú ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún 2011, ó tún sún un sí oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n ní 2012 ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni òun dá. Mo bọ̀wọ̀ fún un lórí ìyẹn, torí àwọn tí mo mọ̀ tó ti dá ọjọ́ tí ọjọ́ sì ti kọjá, wọn kì í padà sórí pèpéẹ̀tì wá tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, àwọn tó ní kí o má kàwé, kí o má lọ́kọ, kò sí ohun tuntun lẹ́nu wọn. Tẹsalóníkà kan náà ni àwọn kan ti fiṣẹ́ sílẹ̀, tí Pọ́ọ̀lù fi ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ má jẹun. Ṣùgbọ́n Jeremáyà ni mo fẹ́ kí o wò. Wòlíì ìparun ni, kò sẹ́ni tó kéde ìṣubú Jerúsálẹ́mù tó o. Àwọn ará Bábílónì ti dó ti ìlú, òun alára wà ní àtìmọ́lé. Ni ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ bá dé, ó ní kó wá ra ilẹ̀ òun ní Ánátótì. Rò ó wò: ilẹ̀ tí ọ̀tá ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀! Jeremáyà wọn ṣékélì fàdákà 17, ó buwọ́ lùwé, ó fi èdìdì dì í, ó pe ẹlẹ́rìí, ó ní kí Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ kó ìwé náà sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́. Ó mọ̀ pé ìlú á jó. Ó sì san owó ilẹ̀. Ìwé yẹn, nínú ìkòkò yẹn, ni mo máa ń rí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni wọ́n ń pè ní ìrètí. Lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ, ọmọ mi.

Iná ńkọ́? Pétérù kejì 3:10 wà, n kò ní fò ó. Nínú Bíbélì tí a ń kà jù, ó ní ayé àti iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò jóná. Àwọn ẹ̀dà tó pẹ́ jù lọ ní pé "a ó rí" wọn, bí ìgbà tí iná bá yọ ìdọ̀tí kúrò tí ohun tó wà lábẹ́ wá hàn kedere. Pétérù fúnra rẹ̀ fi í wé ìkún omi Nóà: ó ní ayé ìgbà náà ṣègbé, bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ kan náà ni Nóà sọ̀ kalẹ̀ sí. Wá wo Ìfihàn 21 àti 22. Èèyàn kọ́ ló ń fò lọ síbì kan níbẹ̀. Ìlú mímọ́ ló ń sọ̀ kalẹ̀ wá. "Kíyèsi i, mo sọ ohun gbogbo di ọ̀tun." Èdè wa gbé e dáadáa níbẹ̀. Kò ní òun kó èyí dànù láti dá òmíràn. Ohun gbogbo tó wà ló ń sọ di ọ̀tun. Àwọn ọba ayé ń gbé ògo wọn wọ inú ìlú náà, ẹnu ibodè rẹ̀ kì í tì, ewé igi rẹ̀ wà fún ìmúláradá àwọn orílẹ̀-èdè.

N kò ní tàn ọ́ pé kò sí ìdájọ́. Ó wà. Ṣùgbọ́n tẹ́tí sí àwọn tó ń béèrè rẹ̀ nínú orí kẹfà: ọkàn àwọn tí wọ́n pa, lábẹ́ pẹpẹ, tí wọ́n ń kígbe pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ tí ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́ tirẹ̀, ìròyìn pé Onídàájọ́ ń bọ̀ kì í ṣe ìròyìn burúkú fún un. Bí ọwọ́ wa kò bá sì mọ́, ìdí tí kò fi tíì dé wà nínú Pétérù kejì 3:9: sùúrù ni, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣègbé. Nínéfè gbọ́ ìkìlọ̀ ogójì ọjọ́, wọ́n ronú pìwà dà, ìparun náà kò dé. Jónà ló bínú, Ọlọ́run kọ́. N kò tún lè ṣèlérí pé ìyà ò ní kàn ọ́. Wọn kò ṣe irú ìlérí yẹn fún Símínà. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ dé ojú ikú.

Àlàyé Bíbélì náà níbi tó mọ. Ẹ̀rù tó ti wọnú ara láti kékeré kì í ti ojú ìwé kan jáde. Bí oorun bá ń dá ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí àyà rẹ ń já láìnídìí, lọ rí dókítà, sọ ọ́ fún un gan-an bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Kò sí àìnígbàgbọ́ kankan nínú ìyẹn. Jáwọ́ nínú fídíò ogun àti àsọtẹ́lẹ̀ tí ò ń wò lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ kan tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, lójú ọ̀sán, ka Ìfihàn jáde lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbà ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kà á jáde àti àwọn tó ń gbọ́ ni ẹsẹ 3 orí kìíní súre fún. Bí orí kan bá rú ọ lójú, má dúró, máa kà á lọ.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó ti obìnrin kan tí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó ti sin ọmọ méjì láyé rẹ̀. Ó ní kí n ka orí 21 fún òun. Mo kà á dé ibi tí Ọlọ́run yóò ti nu omijé gbogbo nù kúrò ní ojú wọn, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró ná. Ó ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni yóò nù ún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ó ní, "Kò ní rán áńgẹ́lì?" Mo tún bojú wo inú ìwé kí n tó dá a lóhùn. Kò sí áńgẹ́lì kankan níbẹ̀.